Igi Tí Wọ́n Gbìn sí Àkùrọ̀ Fàtímọ̀

Fàtímọ̀ gan-an wà lára àwọn obìnrin tó lọ kúnlẹ̀ ní kánsù pé kí ìjọba gba àwọn lọ́wọ́ odò. Kò sẹ́ni tó tì í lọ. Òun ló lọ jí Ìyá Hussain, aládùúgbò rẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òun náà ló ní kí wọ́n má wọ aṣọ tó dára jù, kí àwọn ọ̀gá lè rí i pé ìyà ń jẹ wọ́n lóòótọ́.

Òjò ọdún tó kọjá ló gbé e dìde. Ẹ̀yìn ìrun Àílà ni òjò náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì fi máa di Aláásàárì, odò Ìdí-Ìyeyè ti kúrò ní ojú ọ̀nà rẹ̀, ó ti wọ àdúgbò. Nígbà tí Fàtímọ̀ wà lọ́mọge, ewúrẹ́ ń fo odò yìí kọjá láìtutù lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò ayé ìsinyìí kì í ṣe òjò àtijọ́. Á pẹ́ títí tí àwọn àgbẹ̀ á fi máa wo òkè, tó bá wá dé tán, á rọ bí ẹni tó ń bínú. Lọ́jọ́ náà, ògiri ilé Ìyá Hussain wó lu àwọn àgùntàn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń pariwo kiri pé kí oníkálukú jáde nílé. Mujeebah, ọmọ Fàtímọ̀, ń sùn lórí ẹní nínú yàrá ní tirẹ̀, kò gbọ́.

Mujeebah kì í gbọ́ nǹkan kan. Ibà kan ló ṣe é nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Nígbà tí ibà náà máa lọ, ó gbé etí rẹ̀ lọ. Omi tó gba abẹ́ ẹní wọlé ló jí i. Nígbà tí ìyá rẹ̀ fi máa wọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, omi ti mù ún dé àyà, ó di irin fèrèsé mú, ó tẹjú mọ́ ẹnu ọ̀nà. Àgbàlagbà obìnrin ni o, ó ti lé lọ́mọ ogún ọdún dáadáa, ṣùgbọ́n bó ṣe rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn lọ́jọ́ yẹn, bí ọmọ tuntun ni. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti ń ṣú báyìí, ọkàn Fàtímọ̀ kì í balẹ̀ mọ́.

“Ohunkóhun tí ẹ bá lè ṣe sí odò yẹn,” ló wí fún ọ̀gá tó jókòó sẹ́yìn tábìlì ní kánsù, “ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ṣe é.”

Ọ̀gá náà ní àwọn ti gbọ́. Gbogbo wọn padà sílé, wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe máa ń gbọ́ náà ni wọ́n tún gbọ́ yẹn. Ohun tó wá ya Fàtímọ̀ lẹ́nu ni pé lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n gbọ́ lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí Fàtímọ̀ fi ń jẹun. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ẹbí ọkọ gba oko tó wà lọ́nà Kuta, wọ́n ní kò bímọ ọkùnrin. Bàbá tó jẹ́ Mọ́gàjí ilé Adédìpẹ̀ nígbà náà ló ṣàánú rẹ̀. Wọ́n pè é, wọ́n fi àkùrọ̀ tó wà ní bèbè odò Ìdí-Ìyeyè hàn án, wọ́n ní kó máa fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Mujeebah dàgbà sí. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí gbogbo oko yòókù gbẹ táútáú, ilẹ̀ àkùrọ̀ náà á ṣì tutù, tẹ̀tẹ̀ á yọ, ṣọkọ á yọ, gbúre á bo ilẹ̀. Àwọn oníbàárà á gun ọ̀kadà wá láti Olúpọ̀nnà. Mujeebah ló ń dì í, òun ló ń tà á. Á fi ìka sọ iye tó fẹ́, tí wọ́n bá yọ ọ́ kù, á mi orí, á kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀ títí wọ́n á fi tún owó wọn kà. Nínú ìlú, Odi ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é. Ní àkùrọ̀, àwọn oníbàárà mọ orúkọ rẹ̀.

Òun àti ìyá rẹ̀ ní èdè ọwọ́ tiwọn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Ìka méjì tó ń ha ara wọn ni ṣọkọ. Àtẹ́lẹwọ́ méjì tó ń bu ilẹ̀ ni àkùrọ̀. Ọwọ́ létí ni ìrun. Ohun tí èèyàn bá lè fojú rí, tó lè nàka sí, wọn a rí ọ̀nà sọ ọ́. Èyí tí kò bá ṣeé nàka sí ni kò lórúkọ láàárín wọn, wọn kò sì nílò rẹ̀ títí di ọdún yẹn.

Àjọ kan tó ń bá kánsù ṣe iṣẹ́ náà wá láti Òṣogbo. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Faridah ni wọ́n rán síwájú. Ọmọ Ìwó níbí ni ìyá rẹ̀, ó mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ó sì ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ojúlé dé ojúlé. Nígbà tó dé ilé Fàtímọ̀, ó jókòó sórí àpótí bí ọmọ ilé.

“Màmá, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó yí padà yìí, ti gbogbo wa ni,” ló wí. “Kì í ṣe ti àwọn tó lówó nìkan. Obìnrin, arúgbó, ẹni tí nǹkan ń ṣe lára, gbogbo wọn la fẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀ tí a bá ń jíròrò. A ò ní fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀.”

Ó wo Mujeebah bó ṣe ń sọ ọ́, ó rẹ́rìn-ín sí i. Mujeebah náà rẹ́rìn-ín, ó sì wọlé lọ di ẹ̀fọ́ fún un. Fàtímọ̀ fẹ́ràn ọmọbìnrin náà. Kò yé fẹ́ràn rẹ̀ títí dé òpin, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le.

Gbọ̀ngàn kánsù ni wọ́n ti ṣèpàdé. Àwọn ọkùnrin wà níwájú lórí àga, àwọn obìnrin wà lẹ́yìn lórí bẹ́ǹṣì. Adégòkè tó jẹ́ kánsẹ́lọ̀ àdúgbò ló dúró síwájú. Wọ́n ta aṣọ funfun sára ògiri, wọ́n tan àwòrán sí i. Odò hàn níbẹ̀ bí òwú tí wọ́n rẹ láró, wọ́n sì kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì láwọ̀ ewé. Adégòkè ṣàlàyé pé katapílà máa gbẹ́ ojú odò kó lè jìn, pé wọ́n á gbin igi sí bèbè méjèèjì kí gbòǹgbò wọn lè di ilẹ̀ mú, kí omi má rí ọ̀nà wọ ilé àwọn èèyàn mọ́. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Fàtímọ̀ pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi gbóná. Mujeebah fọwọ́ kàn án ní orúnkún, ó nàka sí àwọ̀ ewé náà, ó bu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àkùrọ̀. Fàtímọ̀ rò pé ó kàn ń ṣeré ni.

Ìyá Hussain ló tẹ ẹnu mọ́ ọn létí. “Ìyá Mujeebah, bèbè wo ni wọ́n ń wí yìí?”

Fàtímọ̀ tún wo àwòrán náà. Ó dìde.

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú,” ló wí. “Ibi tí ẹ kùn láwọ̀ ewé yẹn, ṣé kì í ṣe ibi tí àkùrọ̀ wa wà?”

Adégòkè wo Faridah. Faridah wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo ara ògiri, ojú rẹ̀ sì yí padà. Mọ́gàjí Adédìpẹ̀ ló dáhùn. Ọmọ Mọ́gàjí àtijọ́ ni, àgbà ọkùnrin tí kì í pariwo.

“Fàtímọ̀, ta ló ni ilẹ̀ yẹn?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá.”

“Ṣé bàbá mi tà á fún ọ ni?”

“Rárá o, Bàbá. Wọ́n ní kí n máa lò ó ni.”

“Ṣé mo gbowó lọ́wọ́ rẹ rí?”

“Ẹ ò gbà, Bàbá. Àfi ẹ̀fọ́ tí mo máa ń gbé wá.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mọ́gàjí kò rẹ́rìn-ín. “Mi ò kórìíra rẹ,” ni wọ́n wí. “Ìwọ náà lo lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá. Àdúgbò ń rì. Tí ìdílé wa bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí ilé àwọn èèyàn má baà wó mọ́, ṣé ohun tó burú la ṣe?”

Ì bá rọrùn fún Fàtímọ̀ ká ní ìwà ìkà ni wọ́n ń hù. Ẹni tó bá ń hùwà ìkà, èèyàn lè bú u, èèyàn lè fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Òótọ́ ni Mọ́gàjí ń sọ.

“Kò burú, Bàbá,” ló wí, ó sì jókòó.

Adégòkè wá ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí omi yé wọlé na ọwọ́ sókè. Ọwọ́ gbogbo ilé lọ sókè. Ìyá Hussain na tirẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Mujeebah rí i pé gbogbo èèyàn nawọ́, inú rẹ̀ dùn, ó na méjèèjì, ó sì ń wo ìyá rẹ̀ pé kí ló dé tí kò nawọ́. Fàtímọ̀ rántí irin fèrèsé tí ọmọ yìí dì mú nínú omi. Òun náà nawọ́. Wọ́n ya fọ́tò wọn bẹ́ẹ̀.

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí Faridah tún fi wá sílé. Kò jókòó sórí àpótí mọ́, orí ìkúnlẹ̀ ló wà.

“Màmá, mi ò mọ̀ pé ẹ̀ ń dáko níbẹ̀. Nínú àwòrán tí wọ́n fún wa, koríko ni wọ́n pè é. Mo máa bá àwọn ọ̀gá mi sọ ọ́. Bóyá wọ́n á fi apá kan sílẹ̀ fún yín.”

Ó lọ, ó tún padà wá lọ́sẹ̀ mélòó kan sí i. Bó ṣe ń bọ̀ láti òkèèrè ni Fàtímọ̀ ti mọ ohun tó fẹ́ sọ, nítorí ẹni tó bá gbé ìròyìn ayọ̀ kì í rìn bẹ́ẹ̀.

“Wọ́n ní àwọn tó fún wa lówó ti fọwọ́ sí i bó ṣe wà. Tí a bá fẹ́ yí i padà, wọ́n lè gbé iṣẹ́ náà lọ sí ìlú mìíràn.”

“Kí wọ́n má gbé e lọ,” ni Fàtímọ̀ yára wí. Lẹ́yìn náà ló wá ní, “Ṣùgbọ́n kí ni kí àwa máa ṣe?”

Faridah ní wọ́n ti ṣètò ẹ̀kọ́ ọṣẹ olómi fún àwọn obìnrin tó ń lo àkùrọ̀. Ìyá Hussain, tí òun náà ní ebè níbẹ̀, kò dúró dè é. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ bá ọmọ rẹ̀ n'Íbàdàn. Fàtímọ̀ àti Mujeebah lọ. Olùkọ́ náà ń kọ̀wé sí ara pátákó, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Mujeebah ń na ọrùn kó lè rí ẹnu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń po kẹ́míkà, olùkọ́ ní kí gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn, gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn, Mujeebah nìkan ló wà lórí ìkòkò níbẹ̀. Olùkọ́ fà á lápá. Kò bínú; ẹ̀rù ló bà á. Ó fi sùúrù sọ fún Fàtímọ̀ pé iṣẹ́ yìí léwu fún ẹni tí kò gbọ́ràn, pé kó jẹ́ kí ọmọ náà máa jókòó sílé. Fàtímọ̀ fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì jáde. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọwọ́ tó kan ọ̀rọ̀ yìí, Fàtímọ̀ wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò rí ẹni tó mú ẹ̀gún dání.

Ó wá ku bí yóò ṣe sọ ọ́ fún Mujeebah.

Ó gbìyànjú rẹ̀ ní àkùrọ̀, láàárín ṣọkọ. Ó bu ilẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù: àkùrọ̀ ti tán. Mujeebah wo ojú sánmà, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, òjò máa tó dé, wọ́n á sinmi, wọ́n á tún padà. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún nìyẹn. Fàtímọ̀ tún un ṣe. Ó nàka sí ilé Mọ́gàjí. Mujeebah lọ já ẹ̀fọ́ tó dára jù, ó dì í, ó nawọ́ rẹ̀ sí i: ti Mọ́gàjí rèé. Báwo ni Fàtímọ̀ ṣe fẹ́ fi ọwọ́ sọ pé ilẹ̀ tí wọ́n ń lò láti kékeré rẹ̀ kì í ṣe tiwọn? Báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé ojú ọjọ́ ti yí padà, pé àwọn kan tí wọn kò rí rí ló ya àwòrán, pé àwọn méjèèjì ti nawọ́ sí i? Ó jókòó sórí ebè, ó gba ẹ̀fọ́ náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì gbé e lọ fún Mọ́gàjí.

Ọjọ́ tí katapílà dé, ṣọkọ kò tíì gbó tán. Mujeebah sáré dúró síwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. Awakọ̀ náà pa ẹ̀rọ, ó fi sùúrù dúró. Fàtímọ̀ ló lọ di ọmọ rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, ló wọ́ ọ kúrò. Bí Mujeebah ṣe bojú wẹ̀yìn, tó rí i pé ọwọ́ ìyá òun ló di òun mú, ara rẹ̀ dẹ̀, kò jà mọ́. Ó kàn ń wò ó.

Wọ́n gbẹ́ odò. Wọ́n gbin igi, ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọ́n sì gba Múyìíwá, ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò, pé kó máa ṣọ́ wọn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Múyìíwá wá kan ilẹ̀kùn Fàtímọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní wọ́n ń pè é nílé Mọ́gàjí. Nígbà tó débẹ̀, Mujeebah ló bá láàárín agbo ilé, ẹrẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Mọ́gàjí jókòó, Adégòkè dúró, Faridah wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ó hú igi,” ni Adégòkè wí. “Ọ̀wọ́ méjì gbáko.”

Fàtímọ̀ wólẹ̀ lórí eékún méjèèjì.

“Wọn ò kú o,” ni Múyìíwá wí, nítorí olóòótọ́ ọmọ ni. “Ó hú wọn tòun ti erùpẹ̀ ìdí wọn. Ó lọ tún wọn gbìn sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó sì bomi rin wọ́n. Nígbà tí mo débẹ̀, èyí tó kẹ́yìn ló ń tẹ ilẹ̀ sí nídìí.”

Fàtímọ̀ gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀. Mujeebah kò bẹ̀rù. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó bu ilẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó kún fún ẹrẹ̀, ó nàka sí ọ̀nà títì. Ó rò pé àwọn èèyàn náà ṣèèṣì gbin igi wọn sórí àkùrọ̀ ẹlòmíràn ni, òun sì ti bá wọn ṣe àtúnṣe rẹ̀. Ó ń retí kí ẹnì kan dúpẹ́.

“Ṣé kò gbọ́ ìkìlọ̀ ni?” ni Adégòkè bèèrè, ó sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí ohun tó sọ yé òun fúnra rẹ̀. “Tí àwọn tó fún wa lówó bá wá, tí wọ́n bá igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí la fẹ́ wí?”

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí a wá ẹni tó gbọ́ èdè adití,” ni Faridah bẹ̀bẹ̀. “Kí ó lè ṣàlàyé fún un.”

Wọ́n wá a. Arákùnrin kan wá láti Òṣogbo, ó kàwé dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ ń yára bí ẹyẹ. Ṣùgbọ́n èdè ilé ẹ̀kọ́ ló ń sọ, Mujeebah kò dé ilé ẹ̀kọ́ rí. Ó ń wo ọwọ́ arákùnrin náà bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó ń jó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, nígbà tó yá, ó sú u. Arákùnrin náà ní tí òun bá ń bá a gbé fún ọdún kan, yóò yé e. Ó wọ ọkọ̀ padà kó tó di Aláásàárì.

Mọ́gàjí wá pe Fàtímọ̀. “Ọmọ rẹ ni. Dì í mú sílé. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, ọlọ́pàá ni wọ́n máa pè, mi ò sì ní lè dá sí i.”

“Mo gbọ́, Bàbá.”

Báyìí ni Fàtímọ̀ ṣe ra agádágodo. Alhaja kan tó ń ta ata lọ́jà Odò-Orí ti gbà á síṣẹ́, kó máa bá òun ṣa ata, kó máa bá òun tà. Alhaja kò fẹ́ kí Mujeebah tẹ̀lé e wá. Ó ní ìjà á ṣẹlẹ̀, àwọn oníbàárà kò ní sùúrù. Kò sí ẹbí tó lè bá a dúró tì í. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, Fàtímọ̀ gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó bu omi sínú ife, ó fa ilẹ̀kùn dé, ó tì í. Mujeebah bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn. Ó fi ẹsẹ̀ gbá a, ó fi ọwọ́ gbá a. Mujeebah kò gbọ́ ariwo tó ń pa. Fàtímọ̀ ló ń gbọ́ ọ, ó gbọ́ ọ títí dé ìkòríta, nígbà tó sì jókòó sọ́jà, tí ariwo ọkọ̀ àti ti èèyàn bo gbogbo ibẹ̀, ó ṣì ń gbọ́ ọ.

Faridah wá kí wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó rí agádágodo. Ó fọwọ́ kàn án, ó sì sunkún níwájú ilé náà. Fàtímọ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ló ń sọ fún un pé kò ṣẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé Faridah lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn.

Òjò ńlá dé nígbà tí Fàtímọ̀ wà lọ́jà. Bó ṣe ṣú láti apá Kuta ló ti ju ata ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní àwọn ò lọ sí Ìdí-Ìyeyè nínú òjò. Ó bẹ ọlọ́kadà kan, ó dì í mú láti ẹ̀yìn, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gún un ní àtẹ́lẹwọ́. Kò ka àdúrà kankan tán. Agádágodo nìkan ló ń rí. Òun ló fi ọwọ́ ara òun tì í.

Nígbà tó dé àdúgbò, àwọn èèyàn dúró lábẹ́ ìbòrí ilé wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nàka sí odò. Omi ń ré kọjá nínú kòtò jíjìn tí wọ́n gbẹ́, ó ń pariwo, ó ń kó ìdọ̀tí lọ, ṣùgbọ́n kò yà sí ilé ẹnikẹ́ni. Ẹnu ọ̀nà Fàtímọ̀ kò ju pé ó tutù lọ. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Mujeebah dúró lórí àpótí tó gbé sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀. Ó ti rí ṣíṣú òjò lójú fèrèsé. Ó ti ká ẹní, ó ti di aṣọ wọn, ó gbé Kùránì bàbá rẹ̀ lé orí, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, ó ń retí omi.

“Alhamdulillah,” ni Fàtímọ̀ wí. Ó jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ náà, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀, ó ń dúpẹ́, ó ń sunkún. Omi kò wọlé. Ohun tó lọ kúnlẹ̀ bèèrè, wọ́n ti ṣe é fún un.

Mujeebah sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé Kùránì sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó kọjá lára ìyá rẹ̀, ó bọ́ sínú òjò, ó gba ọ̀nà odò lọ. Ọkàn Fàtímọ̀ fẹ́ kó jẹ́ kí ọmọ náà lọ. Ó dìde, ó sáré lé e, ó bá a ní ìdí igi àkọ́kọ́, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Múyìíwá ń wò wọ́n láti abẹ́ agboòrùn. Mujeebah kò janpata. Ó jẹ́ kí wọ́n fa òun padà sílé, láti ọjọ́ yẹn sì ni kò ti lu ilẹ̀kùn mọ́.

Nígbà tí òjò kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn àlejò wá láti Àbújá láti wo iṣẹ́ náà. Àwọn igi ti ga dé èjìká èèyàn, ewé wọn ń dán. Wọ́n ta ìbòrí sí bèbè odò, ibi tí ebè gbúre wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Wọ́n ní kí Fàtímọ̀ sọ̀rọ̀, nítorí òun ló kọ́kọ́ ké sí ìjọba. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní àwọn dúpẹ́, ó ní omi kò wọ ilé àwọn lọ́dún yìí, ó ní kí Ọlọ́run san wọ́n lẹ́san rere. Kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Mo tún ní ọmọ kan,” ó sì dúró díẹ̀, ó ń wá bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa tò. Adégòkè rò pé ó ti parí ni. Ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní àsìkò ń lọ, àwọn àlejò ṣì ń lọ sí Ìbàdàn.

Wọ́n fún un ní búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó gbé e lọ sílé, ó ṣí agádágodo. Mujeebah sùn kọjú sí ògiri, bó ṣe máa ń sùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ báyìí, ó ti sanra díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́, kò sí ẹrẹ̀ lábẹ́ èékánná rẹ̀. Fàtímọ̀ fọwọ́ kàn án léjìká. Kò yíjú padà. Fàtímọ̀ jókòó tì í, ó bu búrẹ́dì náà sí méjì, ó gbé ìlàjì síbi tí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lè dé. Ó ń jẹ ìlàjì tirẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn àwọn aládùúgbò lóde, tí wọ́n ń bá ara wọn sọ bí ara ṣe tù wọ́n tó lọ́dún yìí.